Bí Mo Ṣe Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Tóbi ní Fọlá Àgòrò

Èsékíẹ́lì Oyèníran, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí àwọn àna rẹ̀ wá wo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ló ni kẹ̀kẹ́ ológeere tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní rárá, ó yá a ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó sọ fún bàbá wa pé òpùrọ́ ni mí, wọ́n sì mú mi lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àna láti sọ pé irọ́ ni mo pa. Ìyàwó wọlé. Kẹ̀kẹ́ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Èmi ni orúkọ òpùrọ́ kù sí lọ́rùn, títí mo fi kàwé tán, tí mo sì fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Nítorí náà, nígbà tó pè mí lọ́jọ́rú pé kí n wá kó ọmọ mi kúrò nílé òun ní Fọlá Àgòrò l'Ékòó, n kò bèèrè ohun tí ọmọ náà ṣe. Mo bèèrè irú òótọ́ tó sọ. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Tóbi ni ọmọ náà, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti jàpa. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń pe kí ènìyàn sá kúrò nílùú lọ sókè òkun nìyẹn. Tóbi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ kan ní Bárígà. Dókítà ní ọ́tísíìmù lorúkọ ohun tó mú ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀: ariwo ń gún un létí bí abẹ́rẹ́, kì í wo ojú ẹni, ohun tí o bá sọ ló máa gbà pé o sọ. Kò lè wọ ọkọ̀ èrò. Bí ara àlejò bá ti kan tirẹ̀, èébì ni. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi dé ibi iṣẹ́. Bí yàrá yẹn bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, nítorí àwọn onílé Bárígà ń gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó èyí tí yóò fi gba ẹnu ọ̀nà nìkan.

Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo dé gáréèjì. Ẹgbàárùn-ún náírà ni wọ́n gbà dé Ọjọ́ta. Mo rántí ìgbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń ra ilẹ̀. Awakọ̀ gbàdúrà gígùn, ó sì fẹ́ fi táyà tó dán bí àwo tánganran gbéra.

Mo ní, “Ṣé àdúrà yẹn ló máa di ọ̀nà mú ni?”

“Màmá, ẹ má wo táyà. Ọlọ́run ni kí ẹ máa wò.”

“Ọlọ́run wà lókè. Táyà ló wà nílẹ̀.”

“Olùkọ́ ni màmá yìí,” ló wí fún àwọn èrò. “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú, kí wọ́n máa bá mi ṣọ́ ọ̀nà.”

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kòtò ni. Láti Ìbàdàn dé Èkó, ọ̀nà tẹ́jú, àwọn ọlọ́pàá ló rọ́pò kòtò.

Ọkọ̀ mìíràn gbé mi láti Ọjọ́ta dé Onípàánù, níbẹ̀ ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀ọ́dúnrún náírà. Nílé, ẹni tí o bá kí yóò bèèrè ará ilé kó tó bèèrè ohun tó gbé ọ wá. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ yìí ní, “Màmá, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín.” Owó kéékèèké ni ṣéńjì. A gba àárín àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú kọjá. Wọ́n sá àwòrán àwọn olóṣèlú sórí okùn bí aṣọ ọmọ tuntun, ẹgbẹ́ tó ń bú ara wọn fara kan ara wọn.

“Ẹnì kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn?” ni mo bi í.

“Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn, Màmá. Ẹ̀rọ yẹn ni.”

Tóbi jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ wọn, ó fi ìdítí ńlá bo etí méjèèjì. “Ẹ káàsán, Màmá.” Ó parí síbẹ̀. Kò bèèrè ọ̀nà, kò bèèrè ara. Lójú àwọn ará ilé wa, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kí mi fún wákàtí kan kí wọ́n tó tọrọ owó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkíni Tóbi fi tù mí lára.

Mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgánnyìn fún wa, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Níbẹ̀ ló ti ròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè ní Bàbá.

“Ọkùnrin tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ wá sọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n ń jẹun. Mo ń kọjá, ó ní kí n wá jẹun.”

“O sì jẹ?”

“Ó ní kí n wá jẹun.”

Ẹ̀yin tó ń ka èyí mọ̀ pé “á gba ibi ire” ni ìdáhùn, kí ènìyàn sì máa bá tirẹ̀ lọ. Tóbi fọ ọwọ́, ó jókòó, ó mú ẹran.

“Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ni àwa ọ̀dọ́ rò nípa òun. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá sọ lọ́jọ́ Ajé pé olè ni, àmọ́ olè tiwa ni.”

Ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi. “Kí ló wá ṣe?”

“Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá ni kò rẹ́rìn-ín.”

Mo bi í bóyá yóò dìbò. Ó ní òun ti ka ìwé ìlérí ẹgbẹ́ méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n, òun kò sì mọ ìdí tí ènìyàn fi máa tò sínú oòrùn láti yan ọ̀kan nínú ẹyọ kan. Nípa ọ̀gá rẹ̀, ó ní, “Ó ń sọ pé ìdílé kan ni wá. Dọ́là ni wọ́n ń san fún un, náírà ló ń san fún wa. Mo bi í nínú ìpàdé bóyá nínú ìdílé tirẹ̀, bàbá nìkan ló ń jẹ ẹran.”

“Kí ló fi dáhùn?”

“Ó ní ìpàdé ti parí.”

Ìrọ̀lẹ́ la rìn dé Fọlá Àgòrò. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

“Dọ́káàsì, o ti darúgbó.”

“Ẹ̀yin náà ò kéré, bọ̀ọ̀dá mi.”

Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rárá. “Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ lọ́la. Tóbi máa sọ fún un pé òun ṣì mí gbọ́ ni. Bó bá sọ ọ́, kò sí wàhálà. Bí kò bá sọ ọ́, kó kó ẹrù rẹ̀.”

“N kò ṣì yín gbọ́, Bàbá,” ni Tóbi wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́.”

“Dọ́káàsì, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀.”

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó sọ ọ́, yóò sọ ọ́, nítorí pé èmi ni. Kò sì ní í gbà mí gbọ́ mọ́ láé. Mo di apá àga mú, mo dìde.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti fi mí ṣe òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò ní í rí ẹlẹ́ẹ̀kejì mú nínú àwọn ọmọ mi.”

“Kó máa palẹ̀ mọ́ nígbà náà.”

Tóbi wọlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé rẹ̀ sínú páálí, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè. N kò lè wò ó.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ó sìn mí dé ẹnu géètì; kò kúkú lè bá mi wọ ọkọ̀ padà. “Màmá, ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?”

“Ó dáa. Ó kàn wọ́n ni.”

“Mo mọ̀. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀.”

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju èyí lọ: ní Èkó bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí kò mọ òótọ́. Ẹni tó máa sanwó rẹ̀ ni wọ́n ń wá, àwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ni wọ́n sì máa ń rí mú.

Aago méjì ọ̀sán ni mo wọlé. N kò tí ì sọ báàgì kalẹ̀ tí fóònù fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò bi mí bóyá mo délé láyọ̀. Ó ní, “Sọ fún ọmọ rẹ kó tú ẹrù rẹ̀, èmi ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn ti wá. Ó bi mí lójú àwọn èèyàn rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni mo pe òun lólè. Mo ní orí ọmọ náà kò pé débi tí yóò fi lè parọ́, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́.”