Àfòpiná Tí Mo Buwọ́ Lù Pé Ó Ti Kú

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ti Àbújá wá láti wò bóyá wọ́n á fìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni kòkòrò tí mo kọ sínú ìwé pé ó ti kú jí. Pápákọ̀ òfuurufú Omagwa ni mo wà nígbà náà, à ń yẹ ẹrù wò kí kòkòrò ilẹ̀ òkèèrè má baà wọlé wá ba oko jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo rí nǹkan roboto aláwọ̀ ilẹ̀ kan nínú àpò ọkùnrin tó ti Indonéṣíà dé. Òfin ní kí n dáná sun ún. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ìyá ìyá mi ló máa ń ran òwú sányán. Irú ilé kòkòrò bẹ́ẹ̀ kún ilé wa, sísè ni wọ́n sì ń sè é, kòkòrò inú rẹ̀ á ti kú pátápátá. Mo fi ìgbéraga kọ ọ́ pé, "Òwú ni, kò ní ẹ̀mí." Mo gbé e sínú páálí fáìlì mi, kí n lè fi han ìyá mi.

Ọ̀gá ní, "Ọmọ mi, fáìlì rẹ dà?" Mo ṣí páálí.

Àfòpiná kan fò jáde, ó fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ, ó pupa rúsúrúsú, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dà bí orí ejò. Ó bà lé táì ọ̀gá. Chinda, awakọ̀ wa, gba ojú fèrèsé jáde. "Snake don get feather! I no dey again!"

"Ṣé ó máa bù mí jẹ?" Ọ̀gá ò mí.

"Rárá sà, kò lẹ́nu." Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé tí a kà ní yunifásítì ní Choba, ilé tó ń hun ni mi ò rí rí. "Nígbà tó wà ní kòkòrò aláwọ̀ ewé ló ti jẹ ewé yó. Ní báyìí tó ti hùyẹ́, kò ní jẹ nǹkan kan títí á fi kú, bí ọ̀sẹ̀ kan."

"Kí ló wá ń ṣe láyé?"

"Ọkọ ló ń wá, sà."

"Ní Omagwa?" Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù yọ nínú páálí, ó wò ó. "Ta ló kọ ọ́ pé kò ní ẹ̀mí?"

Chinda yọjú ní fèrèsé. "Madam, talk say na passenger lie!"

"Èmi ni, sà. Mo rò pé sányán ni. Ká ní akọ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ wọn ì bá jẹ igi ọsàn àdúgbò yìí tán."

Ó ní kí n fi í sínú ìgò sípíríìtì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi, torí ó rẹwà.

Kí ọ̀gá tó lọ, ó fún mi ní lẹ́tà méjì: kúẹ́rì, àti ìwé ìfìdímúlẹ̀ mi. "Dáhùn kúẹ́rì yẹn dáadáa," ló wí, ó ṣì ń gbọn táì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í ni mo fẹ́ nídìí ẹrù."