Ọwọ́-ò-gbọ̀n àti Enjíìnì Sílíńdà Mẹ́jọ

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé, ọ̀gá rẹ̀ gbé aago ògiri kan lé e lọ́wọ́, ó sì sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Ìyá yìí gbìyànjú o. Fún obìnrin, wọ́n gbìyànjú gan-an." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ èrò. Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé aago ńkọ́. Ó ní òun gbàgbé ẹ̀ sórí ìjókòó ọkọ̀. Kò gbàgbé ẹ̀. Ńṣe ló fi í sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró nídìí lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ní ilé iṣẹ́ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń tún inú enjíìnì ṣe. Bí inú sílíńdà, ihò tí pístọ́nù ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú enjíìnì, bá ti jẹ, tí ọkọ̀ ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mì bó bá ń wọn irin, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé láti gba ẹrù rẹ̀, ọ̀gá á ní kó bọ́ sẹ́yìn ná. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á wá jáde, á fọwọ́ sọ̀yà: "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa tírélà, ló fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ bí ibùsùn. Enjíìnì ràgàjì oní-sílíńdà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é sọ pé agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin ọ̀ọ́dúnrún lé márùndínlọ́gọ́rin. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó ti wà nílé, ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tapólì.

"Màmi, ẹ ta nǹkan yìí," ni ọmọ rẹ̀ wí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. "Ẹ fi ibẹ̀ gbin òdòdó."

"Òdòdó kẹ̀? Ṣé mo jọ ẹni tó ń gbin òdòdó lójú tìẹ?"

"Ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọrùn ọwọ́ yín ń dùn yín. Èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ o."

"Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì. Bá mi fa apá ọ̀hún."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà kàn máa rìn. Ó fẹ́ kí agbára rẹ̀ ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde lọ. Nígbà tó lọ wá pístọ́nù ńlá rà, ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ọkùnrin náà sì pè é lórí fóònù.

"Ìyá, ògiri sílíńdà yẹn ò lè gba kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Á ya ni. Ẹ ki enjíìnì kékeré ìgbàlódé kan bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa rọra fi lọ ra ata."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló dá a lóhùn. "Ata ò wọ́n mi nílé."

Ó pa fóònù.

Wẹ́dà tó ń gbé ilé kejì bá a fi ṣéènì gbé enjíìnì náà jáde. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ inú sílíńdà. Ó bá wọn ṣàdéhùn pé òun á máa tún lẹ́ẹ̀tì wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ kí òun máa lò ó láàárọ̀ Sátidé. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó wọn ògiri sílíńdà kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́jọ. Ògiri náà nípọn. Ó rẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí nídìí iṣẹ́. Ó gbé ìwọ̀n kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. "Mi ò tíì fún ẹ láyè," ló sọ fún un. Ó fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ náà le, ó dúró títí ó fi rọlẹ̀, ó sì dìde. Bó ṣe ṣe gbogbo Sátidé mẹ́ta nìyẹn: kó ṣe díẹ̀, kó jókòó, kó bá ọwọ́ rẹ̀ jà, kó tún dìde.

Ó fẹ inú sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ki pístọ́nù ńlá bọ̀ wọ́n. Ó fi fáìlì irin ha ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé títí ó fi ń dán. Ó yí kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ padà sí èyí tó tóbi, wẹ́dà sì bá a jó páìpù sàláńsà tuntun tó fẹ̀ bí ọwọ́ ọmọdé. Lọ́jọ́ tí enjíìnì náà kọ́kọ́ jí, àwo inú kábọ́ọ̀dù ìdáná gbọ̀n rìrì.

Àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ máa ń pàdé ní pápá kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé táyà ẹ̀yìn lé lórí rólà irin. Bí èèyàn bá tẹ tọ̀tù, ìtẹ̀sẹ̀ tó ń fún ọkọ̀ níná, mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà á sọ iye agbára tó ń jáde. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ pupa tirẹ̀. Ọwọ́-ò-gbọ̀n wọlé, ó tẹ tọ̀tù. Enjíìnì ké, ó ròkè, lójijì ni ìró kan bẹ̀rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí tọ̀tù kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pa á. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀.

"Ògiri ti ya," ni ọ̀gá kígbe, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ṣé mi ò sọ?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú: "Màmi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀gá. "Ṣé ẹ ti wo inú ẹ̀ ni, àbí ẹnu lẹ fi ń wò ó?"

Ọ̀gá yí padà sídìí ọkọ̀ pupa rẹ̀.

Nílé, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò sí ògiri kankan tó ya. Ṣùgbọ́n orí pístọ́nù méjì tó wà lẹ́yìn ti jó, pílọ́ọ̀gì wọn sì funfun bí ẹfun. Epo ò tó wọn ni. Ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yan èyí tó kéré jù. "Èmi ni mo ṣe é," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mo kánjú. Kì í ṣe irin ló dójú tì mí."

Ọmọ náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti wú. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ gbé àpótí oògùn rẹ̀ wá. "Bẹ́ ẹ bá máa ya wèrè náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú bá yín di ọwọ́ yín bó ṣe yẹ. Èyí tẹ́ ẹ ń dì yìí, bí ẹrù lẹ ṣe ń dì í."

Àtìgbà yẹn, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ fọ bóòtì àti nọ́ọ̀tì enjíìnì náà. Ìyá náà pààrọ̀ pístọ́nù méjì tó jó, ó sì yan ihò epo tó tóbi sí kábúrétọ̀.

Oṣù mẹ́ta pé. Ọkọ̀ pupa ọ̀gá ló kọ́kọ́ gun rólà: agbára ẹṣin irinwó lé ọgọ́rin. Wọ́n hó yè. Ó wá kan Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Ó tẹ tọ̀tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Enjíìnì náà bú ramúramù títí dé òkè, kò húkọ́, kò sì tú èéfín. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síta: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá.

"Ẹ̀rọ yẹn ti ń ṣìṣe," ni ọ̀gá wí. "Ẹ tún un wọ̀n."

"Ẹ tún un wọ̀n," ni obìnrin náà wí láti ojú wíńdò. "Bó bá wù yín, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá.

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ẹni tó bá yín ṣe tiyín ni," ló dáhùn, kò sì rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ rárá. "Ẹ bi ọkọ̀ pupa yẹn léèrè. Èmi ni mo fẹ sílíńdà ẹ̀."

Gbogbo pápá gbọ́ ọ.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀gá fi wá sílé rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń dá enjíìnì padà fún un, nítorí ẹni tó gbà rọ́pò Ọwọ́-ò-gbọ̀n ò mọ iṣẹ́. Ó bá obìnrin náà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ìyá, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ padà wá. A ó kọ orúkọ yín sára ògiri."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ bá mi na sípánà nọ́ńbà mẹ́rìnlá yẹn."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wá a, ó na án sí i.

"Ẹ ṣeun. Mi ò ní padà wá o."

Ìró bóòtì tí obìnrin náà ń fún le nìkan ni ọkùnrin náà tún gbọ́. Ó jáde lọ, ọmọ tó ń fọ bóòtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tẹ̀ lé e.