Costa Wo Nìyẹn?

Ní Prà Rovere, abúlé wa, bí o bá dúró lójúde ṣọ́ọ̀ṣì tí o pe "Costa!", àlùfáà àti ajá rẹ̀ nìkan ni kò ní dáhùn. Òkè là ń gbé, ìhà òkè sì ni costa lédè àwọn baba wa. Ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀, Costa ni akọ̀wé kọ sílẹ̀ fún un, ó parí. Àmọ́ ìhà òkè ò mọ sí ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Costa kún Pọtogí, ó kún Sípéènì, ọkọ̀ ojú omi sì ti kó o dé Bùràsíìlì. Orúkọ kan náà ni, ẹbí ò kan ẹbí. Ìdí nìyẹn tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ní ìnagijẹ tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní soprannome. Elétí-Ńlá ni wọ́n ń pe tiwa. Pelagatti ni ti ilé Nicla, ìyẹn àwọn tó ń bó ológbò láwọ. Má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ soprannome ilé baba rẹ̀, àlejò ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹgbẹ́ mi ni Nicla Costa, a jọ lọ sílé ìwé ni. Kò lọ́kọ, torí pé gbogbo ọkùnrin tó bá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ilé òun ló ń wò. Bó bá ra búrẹ́dì ní ilé kọfí mi, á tún un wọ̀n kó tó jẹ ẹ́. Mo máa ń bú u, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ó ya wèrè. Ọkùnrin kan tó so táì ti wá rí lọ́dún kan, ó gba ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ Bice aládùúgbò wa, bí pápá Bice ṣe lọ nìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Òrùlé ilé ló ń jẹ Nicla lọ́kàn. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó, igi abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ìdajì ilé náà ṣì wà lórúkọ Bartolomeo, àbúrò bàbá bàbá rẹ̀, tó wọkọ̀ lọ sí Bùràsíìlì lọ́dún 1908 tí kò sì padà. Bí ọmọ Bartolomeo kankan ò bá buwọ́ lùwé, ọ́fíìsì ìjọba ò ní jẹ́ kí káfíńtà fọwọ́ kan òrùlé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nicla kọ lẹ́tà sí wọn, kò rí èsì.

Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní Valdir Costa lorúkọ òun, láti São Paulo. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín. Èmi ni mo mú un gòkè lọ bá Nicla, tó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ṣì wà ní kíkọ́.

"Ornella, ta nìyí?"

"Costa ló pe ara ẹ̀. Bùràsíìlì ló ti wá."

"Hẹn-ẹn! Látọjọ́ yìí, òní ni Bùràsíìlì wá rántí mi? Wo bàtà ẹ̀. Ṣé bàtà ẹni tó ń wá ẹbí nìyẹn, àbí tẹni tó ń wá ilé?" Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, soprannome yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Costa!"

"Mo ti gbọ́ Costa. Èmi náà Costa, ewúrẹ́ mi gan-an Costa. Soprannome ni mo ní!"

"Costa!" Ó ń fọwọ́ lu àyà. "Costa, Costa!"

"O ò rí i?" Nicla wí fún mi. "Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, wọn ò kọ́ ọ parí. Gbájúẹ̀ ni!"

Ara ti fu èmi náà. Ọmọ Pelagatti wo ni kò ní mọ̀ pé Pelagatti lòun? Ọkùnrin náà wá kiwọ́ bọ àpò, ó ń sọ pé, "Carta, carta!" Ìwé là ń pè ní carta, irú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Bice.

"Ìwé ilé ló ń wí!" Nicla ké, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

"Ẹ máa lọ, ọ̀gá," èmi náà wí. Mi ò tiẹ̀ fi kọfí lọ̀ ọ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ilé kọfí mi, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí bébà, ó fi í sórí tábìlì mi, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Lóṣù kejì ọdún yìí, òjò dídì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òrùlé Nicla wó sórí ibùsùn rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ìdí ààrò ló wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú Savona.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́, Jussara, ọmọ Bùràsíìlì. Mo sọ ìtàn náà fún un kó lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àfi bó ṣe gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mà, ní èdè tiwa, sobrenome ni orúkọ ìdílé. Orúkọ ìdílé lẹ bi í, òun náà sì dá yín lóhùn."

"Carta tó ń pariwo ẹ̀ ńkọ́?"

"Lẹ́tà ni, mà."

Mo wá bébà ọkùnrin náà jáde. A pe nọ́ńbà yẹn. Jussara bi í pé kí ni àwọn aládùúgbò máa ń pe ìdílé wọn. Kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin náà: "Pelagato." Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń pe àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn ò mọ ìdí. Lẹ́tà kẹta tí Nicla kọ ló wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú àpótí bàbá rẹ̀ ló ti rí i lẹ́yìn ìsìnkú. Ó wá buwọ́ lùwé fún un ni. Ó ní bí a bá ṣì fẹ́, òun á buwọ́ lù ú.

Mo sunkún níbẹ̀. Nicla nìkan kọ́ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin yẹn, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Mo pe Nicla ní Savona, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo sọ fún un pé a ṣì lè tún ilé náà kọ́, kò ju kó ní bẹ́ẹ̀ ni lọ. 

"Ornella," ó ní, "ọmọbìnrin tó wá bá ẹ yẹn, ta ló rán an?"