Ẹyin Àbàtà

Afínjú ni wọ́n ń pe obìnrin ahunẹní yìí, torí kò sóhun tó tètè ń rí i lára bí ìwà ọ̀bùn. Àtìgbà tó ti ń di dòjé mú wọ àbàtà ló ti mọ òfin àwọn agékoríko: bí o bá kan ìtẹ́ ẹyẹ, ta kókó sórí koríko tó yí i ká, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní gé ibẹ̀. Bí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ṣe ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wọn nìyẹn, nígbà tó ti tán níbòmíràn.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ dé, wọ́n ní kókó náà làwọn á máa tẹ̀ lé. Wọ́n fi Afínjú ṣe olórí ẹ̀ṣọ́, wọ́n fún un lẹ́wù, wọ́n ní kó mú ẹni tó fọkàn tán mọ́ra. Àbúrò rẹ̀ ló mú, ọ̀lẹ paraku tó jẹ́ pé oorun nìkan ni kì í sú u. Lọ́dún náà, ìtẹ́ kan ṣoṣo ló ní ẹyin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Afínjú ti àbàtà dé, ebi ń pa á kú lọ. Àbúrò rẹ̀ gbé ẹyin díndín síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó ní kó bu sí i. Ìgbà tó lọ da omi ìṣanwọ́ nù lẹ́yìn ilé ló rí èèpo ẹyin, àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àmì dúdú kékeré-kékeré. Ó bì títí ó fi ku itọ́ kíkorò.

“Níbo lo ti rí ẹyin yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹyin lẹyin ń jẹ́? Kókó yín ló júwe ibẹ̀ fún mi, mi ò tiẹ̀ wá a rárá.” Ó ń fi èékánná tayín.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bò ó, pé a kì í tú àṣírí ọmọ ìyá ẹni síta. Afínjú wo agbada tí òróró ti dì sí, ó lọ ṣa èèpo ẹyin náà jọ.

Níbi ìpàdé àwọn ahunẹní pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ẹyẹ lọ́jọ́ kejì, ó da èèpo náà sórí tábìlì. Àbúrò rẹ̀ fò dìde.

“Èmi nìkan kọ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ ńbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n bu sí i!”

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ẹyẹ yíjú sí Afínjú, ó ní, “Ìyá, ẹ ò kúkú mọ̀. Ẹ má da ara yín láàmú.”

“Mo ní kó bu sí i lóòótọ́. Ó dùn lẹ́nu mi. Èmi náà ni mo mú olè wá ṣọ́ ìtẹ́. Ẹ yọ àwa méjèèjì.”

Ó bọ́ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́, ó gbé e lé ahunẹní mìíràn tó jókòó tì í lẹ́sẹ̀, ó bọ́ síta. Àbúrò rẹ̀ ń pariwo tẹ̀ lé e pé ta ni yóò wá máa bọ́ òun báyìí.