Gàrí Ìyá Mi àti Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Omi Gbígbóná

Àlùwàlá ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ilé tí mo ń gbé nílẹ̀ Scotland ní ẹ̀rọ omi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù bíi yìnyín. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ omi, ọkàn mi wà níbi orí ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́. Ojú mi ló kọ́kọ́ rí i pé ooru ń rú sókè lára ẹsẹ̀ náà. Mo na ọwọ́ sí omi, mo sì fà á yọ pẹ̀lú igbe. Omi gbígbóná ni mo ṣí. Ó ti ń bó mi lẹ́sẹ̀ láti ìgbà yẹn wá, ẹsẹ̀ náà kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Mo jókòó sétí báàfù, mo fi èékánná tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí kírun náà títí àkókò rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Rábíátù ni orúkọ mi, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá, mo sì ń kọ ìwé ìtàn. Àwọn kan nílẹ̀ Scotland ní ilé kan létí òkun tí wọ́n fi ń gba òǹkọ̀wé lálejò, kí olúwarẹ̀ lè jókòó kọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ariwo ọmọ àti ti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní kí n wá lo ọdún kan. Ọkọ mi, Bàbá Kúdí, ló ní kí n máa lọ, pé òun á mójú tó ọmọ. Ìyá mi kò ta kò ó. Ohun tó bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni mo máa máa jẹ níbẹ̀?

Ìjẹ̀bú-Imusin ni ìyá mi ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń yan gàrí láti kékeré mi. Gàrí yẹn ló fi tọ́ wa, òun ló fi rán wa nílé-ìwé. Nígbà tí mo ń lọ, ó di èyí tó kan dáadáa sínú àpótí mi, tó wẹ́, tó gbẹ, irú èyí tí àwọn ará ìlú mìíràn ń tìtorí rẹ̀ fi àwa Ìjẹ̀bú ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n á sì tún máa wá ọkọ̀ wá rà á. Ó di ẹja gbígbẹ sí i, ó di edé, ó ní gàrí kì í dá rìn. Ní pápákọ̀ òfuurufú tí a sọ̀ sí, aṣọ́bodè kan tú ẹrù mi. Ó kó ẹja, ó kó edé, ó dà wọ́n sínú ike ìdọ̀tí lójú mi. Ó bu gàrí sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n máa gbé e lọ. Mi ò sọ fún ìyá mi. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ẹja yẹn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mi ò sì fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ìgbé ayé mi níbẹ̀ rọrùn láti ròyìn. Mo ń jí kírun àárọ̀, mo ń jókòó sídìí tábìlì tó kọjú sí òkun, mo sì ń kọ̀wé títí ojú á fi ṣú, ojú sì ń tètè ṣú níbẹ̀ lásìkò òtútù. Olúkúlùkù ló ń ra oúnjẹ tirẹ̀. Mi ò fọkàn tán ẹran wọn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran tí Mùsùlùmí pa jìnnà sí wa. Búrẹ́dì wọn kò bá mi lára mu. Níbẹ̀rẹ̀, mò ń se ìrẹsì, mò ń din ẹyin. Nígbà tó yá, ìwé náà wọ̀ mí lára, ìkòkò di ìyọlẹ́nu. Omi tútù, ṣúgà àti gàrí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń mu ún nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè tí mo máa ń gbààwẹ̀, òun náà ni mo fi ń ṣínu. Nígbà tí ti inú àpótí ń tán lọ, ìyá mi tún di òmíràn rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Glasgow.

Bó bá ti pè mí lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. "Wo ti jẹun?"

"Mo ti mu gàrí, Màmá."

"Gàrí tèmi?"

"Tiyín ni."

Á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì wọnú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, àìsàn náà kò fara pamọ́ mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó mi bí ẹni pé mo tẹ ewé èsìsì mọ́lẹ̀, síbẹ̀ bí nǹkan bá kàn án láti òde, mi ò ní mọ̀. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí kò ní gbà gbọ́ pé ẹsẹ̀ lè kú kó sì tún máa dunni. Mi ò lè da aṣọ bò ó. Bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lójú ọ̀nà, ó dìgbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn kí n tó mọ̀. Ẹran ojúgun mi ń dùn mí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Lọ́jọ́ kan, mo forí kanlẹ̀ nínú ìrun, mo sì gbìyànjú láti dìde, kò ṣeé ṣe. Mo fọwọ́ di àga mú, mo fa ara mi sókè bí arúgbó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó kírun, mo sì ń sunkún nínú rẹ̀.

Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí rò pé ẹ̀yìn mi ni, pé jíjókòó sídìí tábìlì ti tẹ iṣan kan mọ́lẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá àtọ̀gbẹ ni, wọn ò rí àtọ̀gbẹ. Wọ́n fi mí sórí ìlà àwọn tó ń retí àyẹ̀wò ẹ̀yìn. Mo ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní yàrá ìdúró kan tàbí òmíràn, láàárín àwọn arúgbó tó ń ka ìwé ìròyìn, tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Nílé wa, à bá ti bi ara wa léèrè ohun tó ń ṣe kálukú, à bá ti bá ara wa ṣàdúrà. Àwọn nọ́ọ̀sì bi mí ní ohun gbogbo. Wọ́n bi mí bóyá mò ń mutí, mo ní rárá. Wọ́n bi mí bóyá mò ń jẹun dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kọ́ lójú mi. Inú mi máa ń yó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni wọ́n tọ́ dàgbà nílẹ̀ wa tí àlejò á bi pé ṣé ó jẹun, tí kò ní sọ pé òun ti yó? Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ojú bá wa wí nípa ẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá mi. Bàbá Kúdí nìkan ni mo sọ fún. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá Kúdí, fi ìwé yẹn sílẹ̀ kó o máa bọ̀." Mo ní kó jẹ́ kí n parí orí tó kù. Orí ìwé tó kù! Bí mo bá rántí, inú máa ń bí mi sí ara mi.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí láti délé. Mò ń rí ara mi lórí àga onítáyà, tí Kúdí ń tì mí kiri. Mò ń bi Ọlọ́run pé ṣé mi ò ní fi ẹsẹ̀ mi rìn mọ́ láé ni.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Mo ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò lè dìde, ọkàn mi sì ń lù kìkìkì. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà ló bá mi nílẹ̀, òun ló pe ọkọ̀ aláìsàn.

Dókítà tó gbà mí sílé ìwòsàn kò tíì dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò tíì sinmi. Kò bi mí bóyá mò ń jẹun dáadáa. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Ẹ ka ohun tí ẹ jẹ lánàá fún mi, láti àárọ̀."

"Gàrí," ni mo wí.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Mo ronú. "Gàrí."

"Ìjẹta ńkọ́?"

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó béèrè iye oṣù tí mo ti ń mu ún, mo sọ fún un. Ó dìde, ó lọ pe nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa oògùn sínú iṣan ọwọ́ mi kí èsì àyẹ̀wò kankan tó dé.

Bẹriberi ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ yìí. Èròjà aṣaralóore kan wà tí wọ́n ń pè ní fitamini B1. Ó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja, ẹran àti ọkà tí wọn kò bó tán. Òun ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Gàrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá, ṣúgà kò ní in. Bí èèyàn bá ń mu méjèèjì nìkan, ara á máa ná ìwọ̀nba tó ti wà nílẹ̀ títí á fi tán. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí kú. Èyí tó gùn jù ni yóò kọ́kọ́ kú, ìdí nìyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́, á kan ọkàn. Tèmi ti kan ọkàn: kò lágbára fa ẹ̀jẹ̀ mọ́, omi sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi.

Dókítà náà sọ fún mi pé kì í ṣe májèlé ni mo jẹ. Oúnjẹ náà kò lẹ́bi, mo kàn ń dá a mu ni. Mo bi í bóyá màá rìn. Ó ní ọkàn yóò tètè padà sípò, ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀, òun kò lè ṣèlérí. Mo dúpẹ́ pé kò parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú.

Bó ṣe wí ló rí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo ń mí dáadáa, wíwú ẹsẹ̀ mi sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn! Wọ́n gbé mi dúró láàárín irin méjì bí ọmọ tó ń kọ́ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, mò ń wo ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ ibi tí mo gbé e sí. Bí mo bá gbójú kúrò, màá ṣubú. Mi ò parí ìwé náà. Àga onítáyà ni wọ́n fi tì mí jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó, Kúdí rí mi, ó sì sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Bàbá Kúdí ló sọ òtítọ́ fún ìyá mi, èmi ì bá ṣì máa bò ó. Láti ọjọ́ tó gbọ́ ni kò ti dáná mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá fún un jẹrà sínú àpò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Imusin, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń wò ó.

"Ẹja tí mo dì fún ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n gbà á ní pápákọ̀, Màmá."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ń bi ẹ́ lójoojúmọ́, Rábì. Ò ń sọ pé o ti mu gàrí. Inú mi ń dùn." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Inú mi ń dùn pé mò ń bọ́ ẹ."

Gbogbo ohun tí dókítà kọ́ mi ni mo tún sọ fún un, pé gàrí kò ṣẹ̀, ó gbọ́, kò gbà. Ó ní ọwọ́ òun ló yan án. Ìyẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Oṣù ń gorí oṣù. Mò ń jẹ ẹ̀wà, mò ń jẹ ẹja, mò ń lo oògùn mi. Mo kúrò lórí àga, mo bọ́ sórí ọ̀pá. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń ṣe báyìí, ẹ má gbà pé àárẹ̀ lásán ni, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú dáhùn fún yín níwájú dókítà. Ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ. Ara mi kì í purọ́, èmi ni mò ń purọ́ fún un, ó sì fara dà á pẹ́ kó tó ṣubú. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pẹ̀lú ẹ̀rù díẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi kò tíì jí, ó sì ṣeé ṣe kó má jí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ ìyá mi pé kó dáná. Mo ní mo fẹ́ gàrí, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja, kí òun sì jókòó bá mi mu ún. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo fi ọ̀pá mi rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà, mo jókòó síwájú agbada, mo na ẹsẹ̀, mo ní mi ò ní dìde. Ó ṣe, ó ko iná. Ó da gàrí sí i, ó fi àfọ́kù igbá ń rò ó bó ṣe máa ń ṣe, èéfín bo ojú rẹ̀, kò wò mí. Bó ṣe yí igbá padà kíákíá, ẹ̀kúnwọ́ gàrí gbígbóná kan ta jáde, ó bà lé mi lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Mo ké.

Ìyá mi ju igbá sílẹ̀. "Ó jó ẹ? Rábì, ó jó ẹ?"

"Ó jó mi, Màmá. Alihamudulilahi, ó jó mi!"

Ó kúnlẹ̀, ó gbọn gàrí náà kúrò, ó ń fẹ́ ibẹ̀ lẹ́nu bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́kún. Mo ń gbọ́ omijé rẹ̀ lára awọ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gàrí inú agbada bẹ̀rẹ̀ sí jóná, òórùn rẹ̀ kún àtíbàbà, kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.