Àǹtí Ni Ọmọ Rẹ̀ Ń Pè É

Gbogbo wa la jẹ̀bi ọ̀rọ̀ Fàósátù, èmi gan-an ni kí ẹ sì fi ṣíwájú. Ilé kan náà la jọ ń gbé lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè ní Mushin. Èmi ń ṣe bàtà níwájú ilé; òun jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kílíníkì ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Òun ni àkọ́bí ìyá rẹ̀, nítorí náà Àǹtí ni àwọn àbúrò rẹ̀ ń pè é, Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan èmi Ṣítù tí mo fi ọdún méjì jù ú lọ.

Nígbà tó bí Fadilah, ohun tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu wa ló gbé. Ó ń pe ìyá tó bí i ní Àǹtí, ó ń pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Màámi. Ta ni yóò bá a wí? Èmi alára, Bùọ̀dá ni mo pe bàbá tó bí mi títí wọ́n fi kú. Kò sẹ́ni tó ka irú ẹ̀ sí nǹkan kan ládùúgbò wa.

Ọdún 1988 ni ilé-iṣẹ́ Ìlúpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n sì sọ fún Fàósátù pé oṣù mẹ́ta péré ló kù fún un. Bàbá Fadilah ti kú; ọwọ́ Fàósátù nìkan ni ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń wò. Ó kọ̀wé síbí, ó kọ̀wé sọ́hùn-ún, títí ilé-ìwòsàn kan nílùú òyìnbó fi gbà á síṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ọmọ òun dání. Ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì físà. Òyìnbó tó wà níbẹ̀ wo ìwé ìbí, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá, kí akọ̀wé òun bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀. Akọ̀wé yìí, obìnrin Yorùbá bíi tiwa, nàka sí Fàósátù.

"Ta nìyí?"

"Àǹtí."

"Mọ́mì rẹ ńkọ́?"

"Màámi wà nílé, wọ́n ń yan ẹja."

Obìnrin yẹn mọ ohun tí ọmọ ń sọ! Ilé tí wọ́n ti tọ́ òun náà kò lè ṣàì ní irú Àǹtí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe sọ ọ́ ló ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Mi ò tíì dárí jì í. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, Fàósátù á dé láti Ìlúpéjú, ẹsẹ̀ á ti wú, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láìtíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.

"Fadilah, ta ni mí?"

"Àǹtí."

"Mọ́mì. Ta ni mí?"

"Mọ́mì." Ọmọ á rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé mo lè lọ ṣeré?"

Ó kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí á má pe òun ní Àǹtí mọ́. À ń gbàgbé. Èmi ni mo burú jù, mi ò ní purọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò bínú sí mi mọ́. Á kàn gbé orí ti ògiri, á pajú dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Mo rán sáńdà kékeré kan fún ọmọ náà, èyí tí yóò wọ̀ rìnrìn àjò, bóyá ìyẹn á bá mi bẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ pé. Akọ̀wé kan náà ló tún bi í pé ta nìyí. Fadilah wo ojú ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní kí n sọ pé Mọ́mì ni."

Ó parí. Wọ́n fún Fàósátù ní físà tirẹ̀, wọ́n kò fún ọmọ.

"Ṣítù," ó bi mí nígbà tó dé, "bí mi ò bá lọ, kí la ó jẹ?" Mo ń kan ìṣó mọ́ bàtà oníbàtà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń lọ, takisí dúró níwájú ilé. Màámi kò jáde. Wọ́n ní èéfín ẹja ló wọ àwọn lójú. Bí mo ṣe ń gbé àpótí sínú bùútù, Fadilah lọ bá awakọ̀ lójú fèrèsé, ó dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pè. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì mi nìyẹn," ó ní. "Mọ́mì mi ni wọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀," awakọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ jọra gan-an."

Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ti gbà. Ṣé kí n lọ wọ bàtà mi?"