Etí Atúnrédíòṣe Òpópónà Wa

Nígbà tí rédíò ṣì níyì láyé, ọkùnrin kan wà ní òpópónà wa tó jẹ́ pé etí ló fi ń jẹun. Atúnrédíòṣe ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ: tábìlì kan, irin ìjórin tí èéfín rẹ̀ ń ta ni nímú, àti òkú rédíò tó gun orí ara wọn dé òkè àjà. Elétí-Ajá la ń pè é, nítorí kì í kọ́kọ́ tú rédíò tí a bá gbé wá. Yóò dijú, yóò tẹ́tí sí kíkùn rẹ̀, yóò ní, “Wáyà kan ti já lẹ́yìn sípíkà.” Bí ó bá tú u, ibẹ̀ náà ni.

“Elétí-Ajá,” bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, “ṣé etí yìí náà lo fi ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ bá ń pè ọ́ wá jẹun?”

“Ìyẹn ò ní wàhálà. Bó bá ní owó oúnjẹ ti tán ni mi ò kì í gbọ́!”

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, á pòṣé láti ẹnu ọ̀nà kejì, á sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà kì í lo nǹkan tán. Ìdè tí a fi ń de rédíò, wáyà gígé, gbogbo rẹ̀ ló ń kó sínú agolo. Nígbà tí wọ́n fún un ní kápúsù apakòkòrò fún egbò ẹsẹ̀, bí ìrora ti lọ báyìí ló da ìyókù sínú agolo kan náà. “Ohun tó ṣẹ́kù lónìí ni yóò gbani lọ́la,” ló wí. Ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe ìdè.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ara rẹ̀ sì gbóná janjan.

“Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

“Ọsibítù kẹ̀? Nígbà tí oògùn wà nílé?”

Ó gbé agolo, ó lo méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ibà náà rọlẹ̀. Ó padà sídìí tábìlì, àwa náà bá a yọ̀. Àṣé iná ń jó lábẹ́ eérú. Nígbà tí kápúsù tán, ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, ọrùn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, ó sì ń pe aya rẹ̀ ní ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Dókítà tó gbà á ní ọsibítù, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, fi abẹ́rẹ́ fa omi láti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kò dúró de èsì kó tó fa oògùn apakòkòrò sí i nínú iṣan.

“Màmá, ṣé ó lo nǹkan kan nílé?”

“Ìyókù kápúsù kan ni, dókítà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Àrùn yírùnyírùn tó ń mú ọpọlọ ni. Oògùn yẹn kò tó pa kòkòrò náà. Ó kàn bo àrùn náà mọ́lẹ̀ ni. Ká ní ẹ tètè…” Ó yíjú sí aláìsàn náà.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ibà lọ, ọrùn rọ̀, ọkùnrin náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu tíì. Nọ́ọ̀sì ní wọn kò ní dá abẹ́rẹ́ náà dúró títí iye tí dókítà kọ yóò fi pé. Aya rẹ̀ ní, “Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù!” Òun àti nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àfi gbàgà! Àwo irin kan já bọ́ lẹ́yìn ọkùnrin náà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ta gìrì. Òun ń mu tíì rẹ̀ lọ.

“Bàbá wọn?” Kò dáhùn. Aya rẹ̀ pariwo: “Bàbá wọn!”

Ọkùnrin náà gbójú sókè. “Kí ló dé tí gbogbo yín kàn ń la ẹnu lásán?”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò. Dókítà kò lè wo ojú obìnrin náà. “A bá ẹ̀mí, Màmá. A ò bá etí; àrùn náà ti mú un lọ.”

Nígbà tí wọ́n padà sílé, aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Oníbàárà àtijọ́ kan ṣàánú wọn, ó gbé rédíò wá. Ọwọ́ ọkùnrin náà kò tíì gbàgbé iṣẹ́: ó tú u, ó jó o, ó dè é, ó tan án. Ó wá yíjú sí aya rẹ̀.

“Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?” Ó pariwo rẹ̀ débi tí àwọn tó ń kọjá fi dúró.

Rédíò náà kò tilẹ̀ mí. Oníbàárà kọjú sí ògiri. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà fa òkú rédíò mìíràn síwájú, inú rẹ̀ ń dùn.